Ìdúró Tí Mo Gbà Padà ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ní tiwa níhìn-ín, bí o bá fẹ́ gba yàrá, wọ́n á ní kí o mú onídùúró wá. Bí o bá fẹ́ gba ọ̀kadà olówó gùn, wọ́n á ní kí o mú onídùúró wá. Ọmọ tó lọ bá wọn jà níbi bọ́ọ̀lù tó dèrò àgọ́ ọlọ́pàá, onídùúró ni yóò gbà á sílẹ̀. Ẹni tó bá ti dàgbà, tó ní ilé tirẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ kò sì tíì bàjẹ́ ládùúgbò, wọn ò ní í jẹ́ kó sinmi. Èmi wà lára irú wọn. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, ilé mi kò jìnnà sí ojú ọ̀nà tó lọ sí ààfin Ọ̀yọ́, mo sì ti dúró fún èèyàn títí ó fi sú mi. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀. Bí mo bá ní mo mọ ọmọ kan, mo mọ̀ ọ́n ni.

Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn nígbà tí àbúrò mi obìnrin tó ń gbé Ògbómọ̀ṣọ́ pè mí pé kí n wá dúró fún ọmọ òun. Ọmọ náà, àkọ́bí rẹ̀, ti jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì, ó ń dúró de kọ́lẹ́ẹ̀jì, kò sì fẹ́ jókòó lásán. Ilé iṣẹ́ kan wà lẹ́yìn ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n ti ń fọ́ kajú, tí wọ́n ń bó o, tí wọ́n ń dì í sínú páálí ránṣẹ́ sí òkè òkun. Àwọn ọmọbìnrin ni wọ́n ń gbà jù. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni onídùúró kan tó jẹ́ ẹni àyẹ́sí, tó ní ilé lórí. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló sọ pé Màmá Ọ̀yọ́ lòun fẹ́. Màmá Ọ̀yọ́ ni gbogbo ọmọ àbúrò mi ń pè mí.

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ. Máníjà ilé iṣẹ́ náà gbà wá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó dọ̀bálẹ̀ débi pé táì rẹ̀ gbá ilẹ̀, ó fún wa ní mínírà tó tutù. Ó ní kì í ṣe pé àwọn kò fọkàn tán ọmọ, àwọn kàn fẹ́ kí ilé mọ̀ sí i ni. Ó bi mí pé, "Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ fà á lé wa lọ́wọ́?" Mo ní èmi ni. Mo di ọwọ́ ọmọ náà mú, mo fi lé e lọ́wọ́ bí ìgbà tí wọ́n ń fa ìyàwó fún ọkọ, gbogbo wa sì bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ohun kan ló kù: ọmọ kò gbọdọ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí sáà kajú tó parí, bí ó bá fi í sílẹ̀, ọ̀dọ̀ mi làwọn ń bọ̀. Mo ní kí wọ́n máa bọ̀ o, n óò gún iyán dè wọ́n. Mo buwọ́ lù ú, mo sì padà sílé lọ́jọ́ yẹn tẹ̀rín tẹ̀rín.

Ẹni tí kò bá fọ́ kajú rí lè rò pé bí ẹní ń fọ́ ẹ̀pà ni. Èèpo kajú ní epo kan nínú tó ń jó ara bí omi bátìrì. Bí ó bá ta sí ọwọ́, awọ á dúdú, á sì bó. Àwọn ọmọ náà á fi epo pupa pa ọwọ́, wọ́n á fi eérú lé e, wọ́n á jókòó ti másínnì kékeré tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, wọ́n á máa fọ́ ọ níkọ̀ọ̀kan kí ọmọ inú rẹ̀ má bàa là sí méjì. Géètì kì í ṣí títí oníkálukú yóò fi fọ́ èyí tí wọ́n wọ̀n fún un tán. Nígbà tí ọmọ wa wá kí mi nígbà ọdún Àjíǹde, mo rí ìka rẹ̀, mo bi í pé ṣé iná ló jó o. Ó kó ọwọ́ sábẹ́ ìró, ó ní, "Màmá Ọ̀yọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ó ń jinná." Mo kà á sí ìyà iṣẹ́, ìyà iṣẹ́ sì pọ̀ nílùú wa.

Kò pẹ́ sígbà náà ni orúkọ rẹ̀ jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan níhìn-ín ní Ọ̀yọ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ọmọ tí yóò jogún iṣẹ́ mi nìyẹn! Mo gbá yàrá ẹ̀yìn, mo ta aṣọ tuntun sí fèrèsé, mo pè é pé kó máa bọ̀. Ó ní òun ò lè wá.

"Wọn ò jẹ́ kí n lọ, Màmá Ọ̀yọ́. Wọ́n ní sáà ò tíì parí."

"Kí sáà wọn máa bá tirẹ̀ lọ. Kó ẹrù rẹ, kó o máa bọ̀."

"Ẹ̀yin ni wọ́n máa wá mú."

Mo rẹ́rìn-ín. "Mú èmi? Èmi tí wọ́n dọ̀bálẹ̀ fún?"

"Wọ́n mú Àáfà," ó ní.

Ìgbà náà ló tó ròyìn fún mi. Àáfà kan ń bẹ ní Ìkòyí-Ilé, àgbàlagbà tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú, òun ló dúró fún ọmọ rẹ̀ obìnrin tó jókòó ti ọmọ wa níbi másínnì. Epo kajú ta sí ọmọ náà lójú, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ sílé. Wọn ò tọ ọmọ lọ. Bàbá ni wọ́n rán ọlọ́pàá lọ gbé. Wọ́n mú un jókòó sẹ́yìn káńtà láàárín àwọn ọmọ ìta, ìrun kan kọjá lórí rẹ̀ níbẹ̀, títí ọmọ fi sáré dé pé òun ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó tún sọ pé òun fẹ́ lọ.

"Ṣé wọ́n ń nà yín ni?" mo bi í.

"Rárá."

"Ṣé wọ́n so yín mọ́lẹ̀?"

"Rárá, mà. Ẹ̀yin la ń rò."

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Inú ti bí mi rí, ṣùgbọ́n irú èyí kò ṣe mí rí. Gbogbo bí mo ṣe ń ka ara mi sí ẹni tó dúró ti ọmọ, èmi gan-an ni okùn tí wọ́n fi so ó mọ́lẹ̀. Ìfẹ́ tí ó ní sí mi, ọ̀wọ̀ àgbà tí a fi kọ́ ọ láti kékeré, ohun tí wọ́n fi ti géètì mọ́ ọn nìyẹn. Ẹni tó ronú kan irú ọgbọ́n yẹn kò nílò pàṣán. Mo tún pe ọmọ náà, mo pàṣẹ fún un pé kó wá, ó kọ̀. Mo pariwo mọ́ ọn, ó kọ̀. Ìyá rẹ̀ ń sunkún, ó ní kí n jẹ́ ó di ọdún tó ń bọ̀. Àmọ́ bí kọ́lẹ́ẹ̀jì bá ti parí ìforúkọsílẹ̀ láìrí i, ó di ọjọ́ mìíràn ọjọ́ ire, mo sì mọ iye ọmọbìnrin tí ọdún tó ń bọ̀ ti gbé mì ní ojú mi.

Àárín ìgbà yẹn ni ìròyìn dé pé àlejò ń bọ̀. Ó ti pẹ́ tí orílẹ̀-èdè wa ti bá àwọn yòókù lágbàáyé fọwọ́ sí àdéhùn pé a kò ní í fi tipátipá mú ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fọwọ́ sí irú ẹ̀, á máa jábọ̀ lóòrèkóòrè, àwọn tó ń ṣọ́ àdéhùn náà á sì máa wá wò ó bóyá ohun tó ń wí ló ń ṣe. Mo gbọ́ àwọn kan lórí rédíò tí wọ́n ń pariwo pé kí ló kan òyìnbó nínú ọ̀rọ̀ ilé wa. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń bí mi nínú. Kò sẹ́ni tó fi tipátipá mú wa fọwọ́ sí i! Bí mo bá fi ẹnu ara mi ṣèlérí fún aládùúgbò mi pé mi ò ní í da omi ìdọ̀tí sí ojúlé rẹ̀ mọ́, ó ní ẹ̀tọ́ láti yọjú wo gọ́tà mi. Wọn ò wá ṣàánú wa. Àdéhùn tiwa ni wọ́n wá bi wá.

Ilé iṣẹ́ kajú yìí wà lára ibi tí wọ́n fẹ́ yà sí, nítorí òkè òkun ni ọjà rẹ̀ ń lọ. Wọ́n kun ògiri, wọ́n ra ìbọ̀wọ́ tuntun fún àwọn ọmọ, wọ́n gbin òdòdó sí ẹnu géètì. Gbogbo ìyẹn kò yà mí lẹ́nu, ibi gbogbo láyé ni wọ́n ti ń gbálẹ̀ de àlejò. Èyí tó tẹ̀ lé e ni mi ò rò pé ẹlòmíràn lè ṣe àfi àwa: máníjà ránṣẹ́ pe gbogbo onídùúró. Ó fi bọ́ọ̀sì gbé wa, ó ní ká wá jókòó síwájú, kí àwọn àlejò lè rí àwọn àgbà tó wà lẹ́yìn àwọn ọmọ náà. Kò sí ẹ̀tàn nínú èyí, mo lè búra. Lójú tirẹ̀, ìwà ọmọlúàbí gan-an ni. Ilé iṣẹ́ wo ló tún ní ẹbí àti ará lẹ́yìn òṣìṣẹ́ tó báyẹn? Ó fẹ́ fi wá yangàn. Ó kó ẹ̀wọ̀n náà jáde síta, ó nù ún, ó sì tò ó sórí àga.

Àbúrò mi ní kí n má lọ, pé òun mọ ẹnu mi. Mo ní ohun tó ń gbé mi lọ gan-an nìyẹn.

Abẹ́ òrùlé gbọ̀ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń ṣa kajú ni ìjókòó wà. Wọ́n to àwọn ọmọbìnrin sí apá kan, wọ́n to àwa onídùúró sí apá kejì, a wá ń wo ara wa lójú. Àlejò méjì ló wá: obìnrin òyìnbó kan tó ti ń hewú, àti ọkùnrin adúláwọ̀ kan láti ìlà-oòrùn Áfíríkà. Ọ̀dọ́bìnrin kan láti Ìbàdàn ló ń ṣe ògbufọ̀ fún wọn. Àáfà ti Ìkòyí-Ilé jókòó tì mí. Mo kí i, ó dáhùn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò, tẹ̀sùbáà rẹ̀ sì dúró lójú kan lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn wa ni díákónì kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ jókòó sí, ó wọ kóòtù nínú ooru.

Obìnrin òyìnbó náà ti kọ́ ìkíni wa díẹ̀. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Àwọn ọmọ dáhùn, "Òo, ẹ kú àbọ̀, mà." Ògbufọ̀ bá a bi wọ́n bóyá àlàáfíà ni wọ́n wà. Wọ́n ní, "A dúpẹ́." Ó ní ṣé iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Wọ́n ní, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run." Mo rí obìnrin náà tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, tó sì ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ń kọ ìkíni sílẹ̀ bí ẹ̀rí! Ta ló ń fi ẹjọ́ dáhùn ìkíni nílẹ̀ Yorùbá? Ẹni tí ilé rẹ̀ jó láàárọ̀, bí o bá kí i pé ṣé dáadáa ni, yóò ní a dúpẹ́ kó tó fi eérú hàn ọ́. Àwọn àgbà ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Ó wá kan ìbéèrè gan-an. Ó ní ṣé ẹnikẹ́ni ń fi tipátipá mú wọn ṣiṣẹ́. Wọ́n ní rárá. Ó ní ṣé wọ́n lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tó bá wù wọ́n. Àwọn ọmọ náà kò wo máníjà. Àwa ni wọ́n wò, oníkálukú wo tirẹ̀. Ọmọ Àáfà wo bàbá rẹ̀, ọmọ wa wò mí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jọ dáhùn pé, "A lè fi í sílẹ̀, mà."

Mo dìde.

"Ẹ kú ìjókòó o. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀."

Máníjà ti sáré dé ẹ̀gbẹ́ mi. "Màmá wa, ẹ jọ̀ọ́ mà, a máa fún yín láàyè tó bá yá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé oúnjẹ wá."

"Oúnjẹ kọ́ ni mo bá wá," mo ní. "Ẹ̀yin àlejò wa, ìbéèrè tí ẹ bi àwọn ọmọ yìí, èmi ni kí ẹ bi. Wọn ò lè dá a lóhùn nígbà tí mo bá jókòó síwájú wọn báyìí. Èmi ni wọ́n fi so wọ́n mọ́lẹ̀."

Ọ̀dọ́bìnrin ògbufọ̀ wo máníjà, ó wò mí, ó sì sọ fún wọn pé Màmá ń kí wọn, ó ń dúpẹ́ fún àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ wá. Ojú ń tì í, mo mọ̀, kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ le. Ṣùgbọ́n ṣé Gẹ̀ẹ́sì tí mo fi gbogbo ayé mi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n fẹ́ fi rẹ́ mi jẹ? Mo ní mi ò tíì kí ẹnikẹ́ni. Mo gbé Gẹ̀ẹ́sì tèmi jáde, èyí tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ tó wà ní ìwé mẹ́fà, tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣì gbọ́. Mo sọ fún wọn ohun tí onídùúró jẹ́. Mo sọ fún wọn pé ọmọ mi ti rí kọ́lẹ́ẹ̀jì, pé kò lè lọ, nítorí bí ó bá lọ, wọ́n á wá mú mi.

Ọkùnrin ìlà-oòrùn Áfíríkà náà fa àga rẹ̀ súnmọ́ iwájú. Ó ní nítorí ẹ̀ṣẹ̀ wo ni wọ́n á fi mú mi. Mo ní nítorí ẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ mi fẹ́ lọ kàwé. Ó ní ṣé irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Mo pa ẹnu mi mọ́. Ìtìjú ẹlòmíràn kì í ṣe tèmi tí mo lè máa fi jà.

Àáfà ló dìde fúnra rẹ̀. "Èmi ni wọ́n mú," ó ní, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè. "Wọ́n ní kí n ṣí fìlà. Mo ṣí i. Àwọn ọmọ kéwú mi ń kọjá lójú títì, wọ́n rí mi." Ọmọ rẹ̀ obìnrin bú sẹ́kún ní ibi tó jókòó sí. Ògbufọ̀ yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà fún wọn, lọ́tẹ̀ yìí kò yọ ohunkóhun kúrò.

Obìnrin òyìnbó náà gbé ọwọ́ sókè. Ó ní a kò gbọdọ̀ sọ irú èyí ní gbangba, pé àwọn á gbọ́ ti oníkálukú ní ìkọ̀kọ̀, kí wọ́n má bàa fi ìyà jẹ wá lẹ́yìn tí àwọn bá lọ. Mo mọ̀ pé ire wa ló ń rò, mo sì mọ̀ pé ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú bí mi sí òun náà. Mo ní, "Ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n ti ń ṣe é. Gbangba la ó ti tú u." Mo bi í pé bí ó bá gbọ́ ọ ní ìkọ̀kọ̀, kí ni yóò ṣe. Ó ní àwọn á kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ àwọn, wọ́n á fi bi ìjọba wa, ìjọba á sì ní láti fèsì. Mo ní ṣé ó lè ṣí géètì yẹn lónìí. Ó wò mí, ó ní rárá, òun kò ní agbára bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn. Ẹlòmíràn ì bá ti purọ́. Mo ní, "Ẹ kọ ọ́ dáadáa. Ẹ kọ ọ́ kó le, kí ẹni tó bá máa fèsì sí i láàgùn. Ṣùgbọ́n kọ́lẹ́ẹ̀jì kò lè dúró de ìwé yín."

Mo kọjá sí apá ibi tí àwọn ọmọ wà, mo di ọwọ́ ọmọ wa mú. Ọwọ́ náà le bí èèpo igi. Ó ní, "Màmá Ọ̀yọ́, ẹ jọ̀ọ́," ó ń fa ọwọ́ rẹ̀ padà. Mo ní kó dìde. Mo kọjú sí máníjà.

"Ojú àwọn èèyàn ni mo ti fa ọmọ yìí lé yín lọ́wọ́. Ojú àwọn èèyàn náà ni mo ti gbà á padà. Mi ò dúró mọ́. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ẹ máa mú, ẹ mọ ilé mi."

Díákónì ló sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, ohùn rẹ̀ sì dà bí ti ẹni tí wọ́n jà lólè. "Ìyá, ó rọrùn fún yín. Ẹ̀yin ṣiṣẹ́ ìjọba fẹ̀yìn tì, ẹ ní ibi tí ẹ ti ń jẹun. Ọmọ tèmi, ibí nìkan ló rí o. Bí wọ́n bá ti ibí pa nítorí ẹnu yín, ṣé ẹ̀yin lẹ máa bọ́ ọ?"

Ó dùn mí wọ eegun. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà, mi ò sì ní ilé iṣẹ́ mìíràn lápò tí mo lè fún ọmọ rẹ̀. Mo sọ èyí tí mo ní. "Díákónì, mi ò ní kó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mo ní kó lè fi í sílẹ̀ ni." Ó mi orí, ó gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọmọ rẹ̀ sì jókòó síbi tó wà. Púpọ̀ nínú wọn ló jókòó. Àáfà nìkan ló lọ mú ọmọ tirẹ̀, ó fi apá gbé e dìde.

A rìn dé ẹnu géètì, àwa mẹ́rin. Ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣọ́ géètì wo máníjà, máníjà wo àwọn àlejò. Ọkùnrin ìlà-oòrùn Áfíríkà náà ti tẹ̀ lé wa, ó dúró tì wá, ó ki ọwọ́ bọ àpò. Géètì ṣí. Mi ò ní í purọ́, bí kì í bá ṣe pé ojú rẹ̀ wà níbẹ̀, mo rò pé kì bá ṣí. Àwọn àlejò yẹn kò gbà wá sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín, ṣùgbọ́n ojú wọn wúlò fún wa lọ́jọ́ náà.

Ọmọ wa forúkọ sílẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n parí. Ó ń sùn ní yàrá ẹ̀yìn, ó ń fi òrí pa ọwọ́, ó ń jí kàwé. Inú ilé mi tún wá kún. Ṣùgbọ́n mo rí i pé bí ẹnikẹ́ni bá ti kan ìlẹ̀kùn, á dá ohun tó ń ṣe dúró, á máa wò mí.

Àwọn àlejò kò tíì pẹ́ tí wọ́n padà sí ìlú wọn nígbà tí ìlẹ̀kùn náà dún lóòótọ́. Ọlọ́pàá kan ni, ọmọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Ó ní ọ̀gá àwọn ní kí n fẹsẹ̀ kàn dé àgọ́, pé ẹjọ́ kan ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá. Ọmọ wa ti lọ sí kíláàsì. Mo wẹ̀, mo wọ ìró àti bùbá tó dára, mo mú omi àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Mo kìlọ̀ fún aládùúgbò mi pé kó má sọ fún ọmọ náà o. Ó ní òun ò ní í sọ. Kí n tó dé títì, ó ti ń tẹ fóònù.

Ọ̀gá ọlọ́pàá náà kò fi ìwọ̀sí lọ̀ mí. Ó ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ yìí ò le. Ẹ kàn pe ọmọ náà kó padà sẹ́nu iṣẹ́ títí sáà máa fi parí, kẹ́ ẹ máa lọ sílé yín."

"Bí mi ò bá pè é ńkọ́?"

"Ẹ máa jókòó síbẹ̀ yẹn ni." Ó nawọ́ sí bẹ́ǹṣì kan.

"Mo ti jókòó," mo ní, mo sì jókòó. Mo bi í pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ni yóò kọ sílẹ̀ pé mo ṣẹ̀. Ó ní mo dúró fún èèyàn. Mo ní ṣé ìdúró ti di ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ó ní mo buwọ́ lù ú pé ọmọ kò ní í lọ. Mo ní ṣé ọmọ èèyàn ni mo buwọ́ lù tàbí ewúrẹ́. Ó gbé bírò, ó gbé e sílẹ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má fa wàhálà sí òun lọ́rùn. Obìnrin kan tó wá béèrè ọmọ rẹ̀ já páálí, ó fún mi kí n máa fi fẹ́ra. Ara mi balẹ̀. Mo ti pinnu pé ibẹ̀ ni n óò wà.

Ọmọ náà wọlé, ó ń mí gúlegúle, báàgì ìwé wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni ọ̀gá wí, ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀. "Ó ti dé."

Ó kọjá lára mi, ó kúnlẹ̀ níwájú káńtà. "Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ kí Màmá máa lọ sílé. N óò padà síbẹ̀. Lónìí náà ni n óò padà."

Ẹ̀rù tó bà mí nígbà yẹn, ẹ̀rù ọlọ́pàá kò bà mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo rí i pé ìgbà tí mo fà á jáde ní géètì, èmi ni mo fà á, òun kò tíì jáde.

"Dìde níbẹ̀."

"Màmá Ọ̀yọ́, ẹ̀jẹ̀ yín ń ru."

"Ó ti ń ru kí wọ́n tó bí ọ. Kí ni wọ́n ń kọ́ yín lọ́wọ́ báyìí?"

Ó fi ọwọ́ nu ojú. Ó ní olùkọ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni nígbà tí fóònù dún.

"Gbọ́ mi dáadáa. Bẹ́ǹṣì yìí ò lè pa mí. Bí mo bá gbọ́ pé o padà sídìí másínnì yẹn nítorí mi, ìyẹn ló máa pa mí. Ṣé o fẹ́ràn mi?"

"Mo fẹ́ràn yín, mà."

"Fi mí sílẹ̀ síbí."

Kò sí ọmọ tí a tọ́ nílẹ̀ wa tí wọ́n kọ́ ní irú ẹ̀, pé kó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ọlọ́pàá kó máa bá tirẹ̀ lọ. Ó wo ọ̀gá, ó wo obìnrin tó fún mi ní páálí, ó wá wò mí pẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó fi orí kan orúnkún mi. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká, ó jáde. Mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti ojú fèrèsé títí ó fi wọ kẹ̀kẹ́ tó kọjú sí ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì, ayọ̀ sì kún inú mi débi pé omi ń bọ́ lójú mi níwájú àwọn ọlọ́pàá, mi ò sì nù ún. Mo gbé ẹsẹ̀ mi méjèèjì sórí bẹ́ǹṣì. Mo sọ fún ọ̀gá pé kó kọ ohunkóhun tó bá fẹ́ kọ, èmi ò kánjú lọ síbì kankan.